Wáyà Tó Wà Lábẹ́ Páànù

Ìró òòlù lórí páànù kì í jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Lójú ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ariwo lásán ni, ẹ ó kàn ti ilẹ̀kùn yàrá yín, ẹ ó sì wá nǹkan kì bọ etí. Èmi máa ń tẹ́tí sí i ni. Mo máa ń gbọ́ ìṣó tó wọ igi tán, mo sì máa ń gbọ́ èyí tí káfíńtà lù lẹ́ẹ̀mejì péré tó fi sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó ń wò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹbí wa pinnu lọ́dún yìí pé àwọn fẹ́ ṣí páànù gbígbó orí ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí àwọn fi òrùlé ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní awẹ́-awẹ́ tí yanrìn wà lójú rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé àga mi sábẹ́ igi ọsàn tó wà lójúde, níbi tí ojú mi ti lè tó gbogbo wọn.

"Màmá, ẹ wọlé, oòrùn ń pa yín." Ọ̀gá àwọn káfíńtà náà ló ń wí bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Mo ní oòrùn kò pa mí. Ta ló mọ ohun tó fẹ́ ṣe tó fi fẹ́ kí n wọlé?

Ẹ má bínú sí mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi dàgbà, òun ló sì ni ilé náà. Aṣọ ló ń tà. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́yìn Ọlọ́run. Tí ó bá fẹ́ ra epo, á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á sì ní kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Tí ẹnìkan bá kí i tí ẹ̀rín inú ìkíni náà pọ̀ jù, á yẹ ilẹ̀kùn wò bóyá ó ti tì í. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Páńsá ò fura, páńsá já sí iná, àjà ò fura, àjà jìn." Mo gbọ́ ọ débi pé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé àjà ilé wa ní etí, pé ó ń gbọ́ gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún un.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òrùlé wa ti dípẹtà. Yàrá mẹ́ta ló ń jò, a sì ti mọ ibi tí abọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń jókòó sí tí òjò bá ti ṣú. Ìyá àgbà ra páànù tuntun, ó ra ìṣó, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Bàbá Rafíà, káfíńtà kan tó wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó gba yàrá sí ilé tó kọjú sí tiwa. Rafíà ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, èmi àti òun la sì jọ ń pọnmi, la jọ ń lọ sílé ìwé, la jọ ń jẹ ìyà kan náà tí a bá pẹ́ dé. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń lọ sí ilé kéú, ṣùgbọ́n a jọ ń jẹ Kérésì, a sì jọ ń jẹ Iléyá. Eyín iwájú rẹ̀ ní èjí, ó sì máa ń súfèé gba àárín rẹ̀ débi tí àwọn ajá àdúgbò á fi dá a lóhùn. Mi ò tún ní ọ̀rẹ́ bí i rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kan páànù náà. Bàbá Rafíà kì í yára. Ó gé sílípáàsì gbígbó wẹ́wẹ́, ó ń fi awẹ́ rọ́bà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orí ìṣó kí omi má baà ráyè wọlé, orí gegele páànù ló sì máa ń kan ìṣó mọ́, kì í kàn án mọ́ kòtò rẹ̀. Ẹnu ló ń kó ìṣó sí. Á kó bí i mẹ́wàá sáàárín ètè, á máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ títí wọ́n á fi tán.

Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ń wò ó. Àṣà ibi tiwa ni pé onílé ló ń bọ́ àwọn tó ń kan òrùlé rẹ̀, ìkókorẹ́ ni ó sì ń sè fún wọn, ìkókorẹ́ tí ewùrà rẹ̀ ki, tí epo ń yọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja inú rẹ̀, abẹ́ àga rẹ̀ ló ń gbé e sí. Ó ní ẹni tó bá jẹ ẹja lọ́sàn-án, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ kò ní dára. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, bí Bàbá Rafíà ṣe sọ̀ kalẹ̀, Ìyá àgbà ní, "Bàbá Rafíà, ẹ ya ẹnu kí n wò ó. Ìṣó mi lè kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ya ẹnu, ó tún na ahọ́n síta. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ń wo inú ẹnu náà lóòótọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó parí iṣẹ́. Ó gbé agolo kan wá fún Ìyá àgbà, ìṣó kún un dé ìdajì. "Màmá," ó ní, "ìṣó tó ṣẹ́ kù rèé o."

Ẹni mìíràn ìbá ní ẹ ṣeun. Ìyá àgbà gba agolo náà, ó mì í létí, ó sì ń wo ọkùnrin náà títí ó fi sọdá sílé rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní ilé tí wọ́n bá kàn dáadáa, ìṣó rẹ̀ kì í ṣẹ́ kù. Ó ní ta ni í dá nǹkan onínǹkan padà láyé yìí láìní ohun tó ń fi í bò mọ́lẹ̀? Ó ti hàn sí i: ọkùnrin náà fojú fo ibi tó yẹ kó kàn, kí atẹ́gùn lè ṣí páànù náà tó bá yá, kí wọ́n sì tún wá pe òun náà sí iṣẹ́. Ó ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì, kí n gun àjà, kí n lọ wo abẹ́ páànù.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Nínú gbogbo ọmọ tó wà nílé náà, èmi ló rán. Àjà gbóná, ó ń rùn bí àgbàdo tó ti pẹ́ lókè. Mo fi àyà wọ́ dé ìpẹ̀kun, níbi tí òrùlé ti pàdé ògiri, mo tan iná sí i. Ìṣó kan, àlàfo kan. Ìṣó kan, àlàfo kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí yíká ilé. Ṣùgbọ́n ní àlàfo kọ̀ọ̀kan, wáyà kan tó nípọn yí igi tí páànù jókòó lé po, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ògiri lọ. Wọ́n lọ́ ọ lọ́nà mẹ́ta, wọ́n sì tẹ ṣóńṣó rẹ̀ padà sínú kí ó má baà ya ọwọ́ ẹni. Mo fi ọwọ́ fà á. Kò mì.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Kí lo rí?" Mo ní ìṣó wà níbì kan, kò sí níbì kan. Mo ṣì fẹ́ sọ ti wáyà, ṣùgbọ́n ó ti pàtẹ́wọ́, ó ti ní, "Mo mọ̀! Ojú mi ni ọmọ yìí!" Ó sì ti fa orí ẹja kan yọ nínú ìkòkò, ó fi í sí mi lẹ́nu fúnra rẹ̀. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Nígbà tí mo jẹ orí ẹja náà tán, ó ti ń sọ ọ́ fún ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, mo sì ti fẹ́ràn orúkọ tuntun tí ó fún mi ju kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọ́nnu fún Rafíà nídìí ẹ̀rọ omi pé èmi ni mo gun àjà. Kò tíì yé e ohun tí mo lọ wò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá gbé àkàbà rẹ̀ lójú ilé wa, Ìyá àgbà sì dá a dúró níṣojú gbogbo àdúgbò. Ó ní kí ó ṣàlàyé ìṣó tí kò kàn. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ìṣó nìkan kọ́ ló ń mú ilé dúró. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ìyá àgbà ní òun ti rí ohun tí òun fẹ́ rí. Ó wá ní, "Ẹ ya ẹnu yín."

Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Rafíà wò ó títí. "Ọlọ́hun ń wò wá, Màmá," ó ní, ó gbé àkàbà lé èjìká, ó sì sọdá sílé rẹ̀. Rafíà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kì í ṣe Ìyá àgbà ló ń wò. Èmi ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà kì í pẹ́ dé ọjà. Ẹni méjì tó ti bá Bàbá Rafíà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Kó tó di ìparí oṣù, Rafíà àti bàbá rẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ilé ìwé ni mo wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé, ìgbálẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo sì sunkún títí mo fi gbàgbé pé èmi ni mo fà á.

Ìyá àgbà mú káfíńtà mìíràn wá, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ dùn, tó ń pè é ní ìyá mi olówó. Mi ò lè sọ pé kò fura sí ìyẹn, àmọ́ ìṣó tí ọkùnrin náà ń kàn ń wù ú. Apá iwájú ilé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tún ìṣó kàn sí gbogbo àlàfo, ó sì fi ẹ̀mú gé wáyà tó wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n ń dí òòlù rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí àwọn ègé wáyà nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ tì wọ́n sínú yanrìn. Ó ní òun á padà wá kan apá ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òjò kò dúró dè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú láti apá Ìjẹ̀bú-Imúṣin, àwọn adìyẹ wọlé fúnra wọn, atẹ́gùn sì dé kí òjò tó dé. Ẹ̀yìn ilé ló kọ́kọ́ kọlù. Gbogbo wa sá sí iyàrá iwájú, nítorí pé ẹ̀yìn ni a rò pé yóò ṣí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe. A gbọ́ tí páànù ẹ̀yìn ń kùn, tí ó ń kùn ṣáá. Lójijì ni ojú ọ̀run hàn lókè orí wa. Iwájú ló ká. Ìṣó tuntun tí wọ́n kàn pọ̀ síbẹ̀ ti la igi, páànù sì lọ balẹ̀ sínú oko gbágùúdá ẹlòmíràn. Òjò rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rọ̀ sórí aṣọ títà, ó rọ̀ sórí Bíbélì Ìyá àgbà. Àwa ọmọdé sá lọ sí ẹ̀yìn. Kò sí ibi tó jò.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ìyá àgbà ni pé àwọn ọ̀tá ló rán atẹ́gùn náà. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó ní kí n gbé àkàbà wá. Òun fúnra rẹ̀ gun àjà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, okùn aláǹtakùn wà lára gèlè rẹ̀.

"Wáyà wà níbẹ̀," ó ní. "Ṣé o rí i lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Àjà ṣókùnkùn, mà. Mi ò rí i."

Ó gbà mí gbọ́. Obìnrin tó ń ní kí eléépo tọ́ epo rẹ̀ wò, tó ń wo inú ẹnu káfíńtà, èmi nìkan láyé yìí ni kò fura sí. Kò ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Kò ní òun ṣìṣe. Àmọ́ nígbà tí ẹlòmíràn wá kan apá iwájú náà padà, Ìyá àgbà gbé ìdì wáyà kan síwájú rẹ̀ kí ó tó gòkè, ó sì wọlé lọ. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí tí ó ti kú, mi ò sì sọ òtítọ́ fún un.

Ohun tí mo ń rò lábẹ́ igi ọsàn nìyẹn nígbà tí ọmọ onírùngbọ̀n pè mí láti òkè. "Màmá, iwájú ti ṣí tán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ò gbà o. Nǹkan kan dì í mú." Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó mú wáyà kan dání, ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. "Ta ló so èyí? Wáyà tí wọ́n so níwájú kò lágbára, àmọ́ èyí ò já. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni ẹni yìí. Tí ìṣó bá pọ̀ jù létí òrùlé, igi á là. Ó mọ̀. Lónìí, irin pẹlẹbẹ la ń lò, kì í ṣe wáyà mọ́, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni."

Mo gba wáyà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti fi ọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n kan òrùlé tuntun tán, ọmọ náà fi àwòrán abẹ́ rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ó dára, àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ilé wa ni? Mo ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ẹ ò rí ariwo tí àwọn ọmọ mi pa. Ọ̀kan di àkàbà mú, ọ̀kan di ìdí mi mú, ọ̀kan ń ké pe Jésù. Mo gun àjà náà pẹ̀lú orúnkún tó ń ké, mo sì wo gbogbo rẹ̀ dé ìpẹ̀kun.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wáyà náà wà nínú báàgì mi. Ìlú tí àwọn ará rẹ̀ mọ ara wọn ni. Ẹni kejì tí mo bi léèrè ló mú mi dé ẹnu ọ̀nà. Arúgbó kan jókòó, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Kí ó tó gbé ojú sókè ni ó ti ń súfèé díẹ̀díẹ̀ láàárín eyín tó ṣẹ́ kù, mo sì mọ̀ pé Rafíà ni. Mo dárúkọ ara mi. Ìfé náà dúró.

"Kí lo wá gbà?" ó ní.

Mo ní mi ò wá gba nǹkan kan. Mo ní wọ́n rán mi níṣẹ́ nígbà kan, mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà tán, mo wá jẹ́ ẹ tán ni. Mo gbé wáyà náà sórí àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀. Mo ní mo rí i lọ́jọ́ tí mo gun àjà, mo fà á, kò mì, mo sì dákẹ́ sí i. Mo ní mo tún purọ́ lẹ́yìn náà pé mi ò rí i. Mo ní bàbá rẹ̀ kan ilé wa dáadáa, ọdún yìí ni ilé náà tó jẹ́ kí wọ́n tú u.

Rafíà mú wáyà náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò wá ṣóńṣó tí wọ́n tẹ̀ sínú. "Ọwọ́ rẹ̀ ni," ó ní. "Kò gun òrùlé mọ́ láti ìgbà náà. Àga àti àpótí ló ń kàn títí ó fi kú. Tí wọ́n bá ní kó wá kan ilé, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn ún."

Mo bẹ̀ ẹ́, ojú sì tì mí bí ọmọdé. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní kí n máa lọ. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sí mi, ó bu ẹ̀gúsí sí iwájú mi, a sì jọ ń ṣà á.

Páànù ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Awẹ́ rọ́bà sílípáàsì ti lọ, ìṣó inú ẹnu ti lọ, ẹ̀rọ tó ń kùn ló ń dè é báyìí. Atẹ́gùn kò yí padà, láti apá Imúṣin ló ṣì ń gbà wá. Ìfura Ìyá àgbà náà ṣì wà lára mi, mi ò sì lè sọ pé ó burú. Ohun tó burú ni kí ènìyàn wo nǹkan, kí ó rí i, kí ó wá sọ ìdajì.

Nígbà tí ẹ̀gúsí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Rafíà wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yìí ńkọ́? Ṣé ẹnìkan wo abẹ́ rẹ̀?"

Mo ní ẹnìkan wò ó.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí wáyà náà. "Kí lo rí?"

Mo sọ fún un. Mo sọ iye irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú àti iye tó wà lẹ́yìn, mo sọ igun kan tí wọ́n fò tí mo ní kí wọ́n padà ṣe, mo sọ àgbàdo gbígbẹ tí mo bá lókè, mo sọ ihò tí wáyà bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lára ògiri. Mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀.